Ìwé Ìpè Fásitì àti Òṣùwọ̀n Ọmọlúàbí ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ìwé ìpè tí fásitì bá gbé jáde láti kéde ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìtagbangba, eré orí ìtàgé, àfihàn iṣẹ́ ọnà tàbí ìpàdé pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò jẹ́ ìlérí tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe fún gbogbo ẹni tó bá kà á, nítorí pé ọjọ́ wà nínú rẹ̀, aago wà nínú rẹ̀, gbọ̀ngàn tí ètò yóò ti wáyé àti orúkọ ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìtagbangba ni ọ̀rọ̀ ìmọ̀ tí onímọ̀ kan sọ ní gbangba, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè ìwé ẹ̀rí tàbí owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹni tó wá gbọ́ ọ. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ bi àwọn tó ṣètò rẹ̀ ni pé, ta ni wọ́n mú ìlérí náà ṣẹ fún? Ṣé ará ìlú tó ka ìkéde ní ẹ̀gbẹ́ títì ni, àbí àwọn àlejò pàtàkì tí àga wọn wà níwájú?

Òṣùwọ̀n tí ìbéèrè yìí yóò gbà kọjá kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: ìwà ọmọlúàbí ni. Nínú àròkọ kan tó jáde ní 1975, nínú ìwé tí Wándé Abímbọ́lá ṣe olóòtú rẹ̀, T. A. Awóníyì fi yé àwọn òǹkàwé pé ọmọlúàbí ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ àbáláyé Yorùbá, ìyẹn ni pé ẹni tó ní ìwà ni ẹ̀kọ́ náà fẹ́ sọ ọmọ dà kí ó tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́ tàbí àṣírí egbòogi. Lára ohun tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń kà mọ́ ìwà ọmọlúàbí ni ọ̀rọ̀ sísọ, ìtẹríba, inú rere, òtítọ́, akínkanjú, iṣẹ́ ṣíṣe àti ọpọlọ pípé. Ọ̀rọ̀ sísọ ṣáájú nínú ọ̀pọ̀ irú àkójọ bẹ́ẹ̀, kò sì yani lẹ́nu, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni àwùjọ kọ́kọ́ fi ń mọ ẹni. Nígbà ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ọmọ Iléṣà tó jẹ́ gómìnà láti 2010 sí 2018, ìjọba tilẹ̀ sọ ìpínlẹ̀ náà ní "Ìpínlẹ̀ Ọmọlúàbí", wọ́n sì kọ ọ́ sára àwọn ìwé ìjọba. Orúkọ rọrùn láti kọ sára ìwé. Ojúlówó ìdánwò rẹ̀ wà nínú àwọn nǹkan kéékèèké bíi aago tí ètò bẹ̀rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n rántí pè.

Àwọn fásitì tó ń gbé irú ìpè bẹ́ẹ̀ jáde lágbègbè yìí ti pọ̀ sí i láàárín ogún ọdún. Òfin tó dá Fásitì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ jáde ní 2006. Òṣogbo ni olú ọgbà rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ó ní ọgbà mìíràn ní Òkukù, Ìkirè, Èjìgbò, Ìfẹ́tẹ̀dó àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Fásitì Fountain, tí ẹgbẹ́ NASFAT dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo ní 2007, ìjọba ìpínlẹ̀ sì sọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni tó wà ní Iléṣà di Fásitì Iléṣà ní 2022. Pípín tí wọ́n pín Fásitì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sí ìlú mẹ́fà yìí ní ohun tó fà lẹ́yìn nípa ọ̀rọ̀ ìpè: Ìkirè ni ẹ̀kọ́ nípa àṣà àti ìmọ̀ ọmọnìyàn wà, ẹ̀kọ́ ìṣègùn wà ní Òṣogbo, ti àwọn olùkọ́ sì wà ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, tó fi jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ní ọgbà mìíràn ní láti wọ ọkọ̀, kí ó san owó ọkọ̀, kí ó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri nígbà tí ètò ku ọ̀la kò ro ti irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, àìro ti ẹlòmíràn sì ni àìní inú rere, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ níbẹ̀ jinlẹ̀ tó.

Ìlú Òṣogbo ní àpẹẹrẹ tirẹ̀ nípa bí ìmọ̀ fásitì ṣe lè bá ará ìlú jókòó, àpẹẹrẹ náà sì ti wà kí fásitì kankan tó fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948 ní ẹ̀ka kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ inú ọgbà. Àwọn olùkọ́ ẹ̀ka náà a máa lọ sí ìlú àti ìletò, wọn a sì máa kọ́ àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, akọ̀wé àti oníṣòwò tó bá ní ìfẹ́ sí ẹ̀kọ́. Nínú iṣẹ́ yìí ni Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó dé Ìbàdàn ní 1950, gbà dé Ẹdẹ, Ìlobùú àti Òṣogbo. Ní 1962, Dúró Ládípọ̀, olùkọ́ àti olórin ṣọ́ọ̀ṣì, sọ ilé ọtí rẹ̀ ní Òṣogbo di ilé àṣà tí wọ́n ń pè ní Mbárí Mbáyọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe eré, tí wọ́n ń ṣe àfihàn àwòrán, tí ẹni tó ń kọjá lọ sọ́jà sì lè yà wọlé láìsí pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè irú ẹni tó jẹ́. Láàárín 1962 sí 1964 ni Denis Williams, ọmọ Guyana, àti Georgina Beier lẹ́yìn rẹ̀, darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àfọwọ́ṣe nípa àwòrán yíyà níbẹ̀. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ fásitì. Òṣèré inú ẹgbẹ́ Ládípọ̀ àti àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ̀kọ́ wọn kò kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, síbẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn ayàwòrán bíi Twins Seven Seven, Múráínà Oyèlámì, Jímọ̀ Bùráímọ̀ àti Rufus Ògúndélé ti jáde sí ayé. Eré Ọba Kò So, tí Ládípọ̀ gbé kalẹ̀ ní Òṣogbo ní 1963, dé Berlin ní 1964.

Kò ṣeé sọ pé kò sí àléébù nínú ìtàn yìí, nítorí àwọn onímọ̀ kan ti bu ẹnu àtẹ́ lù ú pé àwọn òyìnbó ló ń yan ohun tí yóò jẹ́ iṣẹ́ ọnà, àríwísí náà sì ní ìwọ̀n òtítọ́ tirẹ̀. Ohun tí kò ṣeé gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìtẹríba tó wà nínú bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀: ìmọ̀ ló rìn lọ bá ìlú, kò dúró de ìlú ní ẹnu ọ̀nà ọgbà. Irú ìrònú bẹ́ẹ̀ ló mú kí Fásitì Ifẹ̀ fi ilé àṣà Orí Olókun sí àárín ìlú Ilé-Ifẹ̀ ní 1968, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ṣe eré Ọlá Rótìmí, The Gods Are Not to Blame, lójú àwọn ará ìlú. Nígbà tó yá, Fásitì Ifẹ̀ gba Oyèlámì gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìlù dùndún àti bàtá, ìyẹn ni pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga tẹ́rí ba fún ìmọ̀ tí kì í ṣe inú ìwé ló ti wá.

Bí a bá gbé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọgbà lóde òní sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, ọ̀rọ̀ aago ló máa ń kọ́kọ́ fara hàn. Ètò tí wọ́n kọ aago mẹ́wàá sára ìwé ìpè rẹ̀ lè máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí aago méjìlá bá ti lù, nítorí pé àlejò pàtàkì kò tíì dé, nígbà tí ìyá tó ti ilé ìtajà rẹ̀ pa wá ti jókòó láti àárọ̀. Òótọ́ ni pé iná lè lọ, kí ẹ̀rọ amóhùngbóhùn sì kọ iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò ka èyí sí ìwà burúkú. Ṣùgbọ́n bí aláṣẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ aago mẹ́wàá nítorí pé ó mọ̀ pé aago méjìlá ni àwọn ènìyàn yóò pé, irọ́ ló kọ, ó sì tún fi ìyà jẹ ẹni tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́, tí wọ́n ń tajà láwìn láti ìlú dé ìlú, ni àwọn ènìyàn ń pè ní òṣómàáló nítorí pé wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè títí wọn yóò fi gba owó wọn. Ìbá dára bí ẹnì kan bá lè lóṣòó bẹ́ẹ̀ gba wákàtí méjì rẹ̀ padà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ alákòóso ètò.

Ọ̀rọ̀ sísọ gan-an ni ibi tí ìdájọ́ ti nira jù. Lára àwọn ètò tó gbayì jù ní fásitì ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìfilọ́lẹ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n, nínú èyí tí ẹni tí wọ́n ti fi jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń ṣàlàyé fún fásitì àti ìlú ohun tó fi gba orúkọ náà. Àṣà rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kì í bi olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè lẹ́yìn tó bá parí. Àṣà yìí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, ó sì ní ìdí, nítorí pé ayẹyẹ ni, kì í ṣe àríyànjiyàn. Ẹni tó bá pa á mọ́ kò ṣẹ̀. Ìgbéraga ló di nígbà tí wọ́n bá nà án dé orí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nípa omi, ilé gbígbé, tàbí ilẹ̀ tí fásitì fúnra rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tí wọ́n sì fi àkókò ìbéèrè kí àwọn ènìyàn ńlá níkọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ yóò di odindi. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ti pín ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún gbogbo àwùjọ ní ìwé pélébé lè ka ààbọ̀ rẹ̀, kí ó sì fi ààbọ̀ yòókù gbọ́ tẹnu àwọn ènìyàn.

Èdè tún wà níbẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, jẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí lemọ́lemọ́, pàápàá nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun bá ń sún mọ́lé ní oṣù kẹjọ. Bí wọ́n bá pe àwọn àwòrò àti ìyá tó ń tọ́jú ojúbọ wá síbẹ̀, tí wọ́n sì fi wákàtí kan àbọ̀ sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì nípa wọn lójú wọn, láìsí ògbufọ̀, ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n fi àwọn olóhun ṣe. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹni lójú ẹni ní èdè tí ẹni kò gbọ́ kì í ṣe ọmọlúàbí, ìbáà ní oyè ìjìnlẹ̀ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn onílù àti oníjó tí wọ́n máa ń pè láti fi ṣí ètò, tí wọ́n á dúró sínú oòrùn di ìgbà tí wọ́n bá nílò wọn, tí orúkọ wọn kì í sì í sí nínú ìwé ètò.

Ará ìlú àti akẹ́kọ̀ọ́ náà kò bọ́ nínú òṣùwọ̀n yìí. Ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀ jálẹ̀ ọ̀rọ̀, tó sì dìde nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín oúnjẹ, ti gba nǹkan tí kò san owó rẹ̀. Ẹni tó gba àyè ìbéèrè, tó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ara rẹ̀, kò yàtọ̀ sí aláṣejù tó wà lórí ìtàgé. Kìkì nítorí pé àwọn kọ́ ló ṣe ìlérí ni ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn ṣe kéré.

Nípa àwọn ọba, ìwà àbáláyé ti là á sílẹ̀ pé a kì í fi orúkọ Àtáọ́ja ti Òṣogbo tàbí Ọwá Obòkun ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sínú ìwé ìpè kí a tó ránṣẹ́ sí ààfin, ọ̀pọ̀ fásitì sì ń pa èyí mọ́ dáadáa. Ìtẹríba tí wọ́n ní fún ààfin ni kí wọ́n fún ọjà àti ilé iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú. Kí àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti eré tó ń bọ̀ ní Òṣogbo, Iléṣà àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà tẹ ìwé ìpè wọn ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí àwọn ìyálọ́jà, àwọn aláró àti àwọn ayàwòrán ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní aago tí wọ́n kọ síbẹ̀, yálà àlejò pàtàkì ti dé tàbí kò tíì dé.