Ta Ló Ń Béèrè Lẹ́nu Ibodè?

Ní sẹ́ńtúrì 19, nígbà tí ogun Núpé ń da Àkókó láàmú, orí òkè ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa sá sí. Ẹni tó bá mọ Òkè-Ọ̀kà á mọ ìdí rẹ̀: ẹṣin ò lè fi bẹ́ẹ̀ gun àpáta. Lóòótọ́, ọ̀nà tóóró yẹn á máa ni onílé pàápàá lára, torí òun náà ni ẹni tó ru iṣu bọ̀ láti oko máa gùn. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan fẹ́ la ọ̀nà náà kó fẹ̀, kí iṣu lè tètè délé, àgbà á bi í pé: ta ló tún máa gba ibẹ̀ wọlé?

Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ gbé wá sídìí àwọn agolo páúdà àti ike oògùn táwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé irin ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ń lò. Ẹ wo ẹ̀yìn àwọn kan dáadáa, ẹ ó rí "BioPerine" tàbí "black pepper extract". Kì í ṣe òun ló ń kọ́ iṣan. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó jẹ́ kí ara gba àwọn èròjà tó kù. Piperine ló wà nínú ẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ata dúdú ta lẹ́nu. Ó wà nínú ìyèré tiwa náà, èyí táwọn ìyá wa ń sè fún ọlọ́mọ tuntun, táwọn oníṣègùn sì ń gún mọ́ àgúnmu.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Oníbodè ni ìfun àti ẹ̀dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ohun tá a bá gbé mì, wọ́n á fọ́ ọ wẹ́wẹ́ tàbí kí wọ́n dá a padà kó tó wọnú ẹ̀jẹ̀. Piperine ń dí oníbodè yìí lọ́wọ́. Ní 1998, àwọn oníwádìí ní Bangalore, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, fún àwọn èèyàn ní 2 gíráàmù curcumin, èròjà inú atalẹ̀ pupa, pẹ̀lú 20 mílígíráàmù piperine. Èyí tí ara gbà di nǹkan bí ìlọ́po 20.

Ó dùn-ún gbọ́. Àmọ́ oníbodè tí wọ́n dí lọ́wọ́ ò mọ ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ dí i lọ́wọ́. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé piperine tún ń mú kí phenytoin, oògùn wárápá, àti propranolol, táwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ń lò, pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ara tí oníbodè ẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ni dókítà wọn oògùn yẹn fún.

Sọ́fítíwíà ni mò ń kọ. Tí àyẹ̀wò ẹnu ọ̀nà bá ń fa iṣẹ́ wa sẹ́yìn, ó máa ń wù wá ká pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa á gbọ́dọ̀ sọ fún gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbà pé ìwà ọmọlúàbí nìyẹn níbi oògùn náà.

Àwọn kan á ní, "Ara mi ni, owó mi ni." Òótọ́ ni. Àmọ́ èèyàn ò lè fọwọ́ sí ohun tí wọn ò sọ fún un. Àwọn mìíràn á ní ìyèré ti wà nínú ọbẹ̀ tipẹ́, kò sì pààyàn. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èyí tá a ń bù sọ́bẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n yọ oje ẹ̀, téèyàn wá ń gbé mì lójoojúmọ́ lórí oògùn dókítà.

Oníṣègùn tó mọṣẹ́ á béèrè ohun tẹ́ ẹ ti lò. Alágbo inú ọkọ̀ kì í sábà béèrè, agolo ò sì lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì tó ń béèrè náà, tó bá ń jágbe mọ́ ẹni tó lo àgbo, irọ́ pípa ló ń kọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń ta ohun tó ń ṣí ibodè jẹ wá ní gbèsè ìbéèrè kan: "Kí lẹ tún ń lò?" Àwa tá à ń rà á náà jẹ gbèsè ìdáhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé irin, tẹ́ ẹ sì ń lo oògùn, ẹ gbé agolo yẹn dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ rí dókítà.