Ṣé Ẹni Tó Dákẹ́ Ti Parọ́? Ẹ̀kọ́ Láti Ara Mọ́tò Àlòkù



Nílé, bí mọ́tò àlòkù bá ti òkè òkun dé, tòkunbọ̀ là ń pè é, bí ẹni pé ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ wa kì í rántí pé kí mọ́tò náà tó gorí omi, ẹnìkan ti lò ó lọ́hùn-ún, ẹnìkan ti tà á, ó sì ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti dákẹ́ nípa ohun tó ń ṣe é. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ rí. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì ní Ẹńgílándì, wákàtí 20 péré lọ́sẹ̀ ni òfin fàyè gbà mí láti ṣiṣẹ́ lásìkò tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé. Iṣẹ́ tí mo rí wà ní ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn ìlú, aago 5 ìdájí la sì ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbẹ̀ ní wákàtí yẹn. Mo bá fi 850 pọ́n-ùn ra mọ́tò lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń ta tirẹ̀ níwájú ilé rẹ̀.

Mo rò pé ojú mi là. Mo wo ìwé MOT rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí mọ́tò tó bá ti pé ọdún 3 gbọ́dọ̀ máa ṣe níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè fi nọ́ńbà mọ́tò wo ìtàn àyẹ̀wò náà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó mọ́ tónítóní. Mo ra ìǹṣọ́ránsì, mo sì san owó orí mọ́tò náà, nítorí láti October 2014, èyí tí ẹni tó tà á ti san kì í bá mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó rà á mọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé àyẹ̀wò MOT kì í wo ipò tí ẹ́ńjìnnì, kílọ́ọ̀ṣì àti gíà wà. Bíréèkì, táyà, iná àti irú wọn ló ń wò. Ìwé náà kò parọ́. Ohun tí kò kàn án ni kò sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó tà á fún mi mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, omi rádíétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láìjò sílẹ̀. Èéfín funfun ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Bí mo bá rin ọ̀nà jíjìn, ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá ààlà. Mẹkáníìkì ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí, ó fi ìka nù ún, ó nà án sí mi: ọ́ìlì ti pò mọ́ omi, ó funfun bíi wàrà. Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́, owó àtúnṣe rẹ̀ sì ju iye tí mo ra mọ́tò lọ. Mo lọ ra oògùn olómi tí wọ́n máa ń dà sínú rádíétọ̀ láti fi dí ibi tó ń jò. Ara mọ́tò balẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá wà á fún ìṣẹ́jú 15 kò ní fura rárá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń lò ó lọ síbi iṣẹ́, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi nínú búùtù, títí ẹ̀kọ́ mi fi parí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n padà sílé. Mo jẹ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní gbèsè, mi ò sì tíì san owó ẹrù mi. Àbúrò wa kan, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bá mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ ta mọ́tò yín. Mo ti rí i níta, ó wù mí. 700 tí ẹ pè é, mo fara mọ́ ọn." Kò bi mí ní ìbéèrè kankan.

ÀWÍJÀRE MẸ́TA

Lóru ọjọ́ náà, ọkàn mi kó àwíjàre mẹ́ta sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn yẹ̀ wò.

Èkíní: òfin ìlú kò mú mi. Òótọ́ ni. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà tí wọ́n ṣe ní Bìrìtéènì lọ́dún 2015 fún ẹni tó bá ra ọjà aláìdára lọ́wọ́ oníṣòwò ní ọjọ́ 30 láti dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn ń ta mọ́tò ara rẹ̀, kí mọ́tò jẹ́ tirẹ̀, kí ó sì rí bó ṣe júwe rẹ̀, ni òfin ń béèrè. Bí kò bá sọ nǹkan kan, tí mọ́tò náà kò sì léwu débi pé kò yẹ kó wà lójú títì, ó lè lọ láìsí ìyà.

Àmọ́ ẹ rántí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Abu Huraira ló gba ìròyìn náà wá, ó sì wà nínú ìwé Muslim. Ànábì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì oúnjẹ tí ẹnìkan ń tà, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ibi tó tutù nísàlẹ̀. Ọkùnrin náà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò gbé èyí tó tutù sókè kí àwọn èèyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara òun. Ẹ wò ó dáadáa: ọkùnrin yẹn kò tíì fi ẹnu rẹ̀ parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó gbẹ ló kàn wà lókè. Kí ni oògùn rádíétọ̀ tèmi, bí kì í bá ṣe èyí tó gbẹ tí mo gbé sókè?

Èkejì: bí wọ́n ṣe ṣe é fún mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ṣe é fún mi? Ọmọ Ìsẹ́yìn kọ́. Ẹni tó jẹ mí ní gbèsè ń gbé ní àdúgbò kan, èmi wá fẹ́ lọ gba owó náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹni tó bá gba gbèsè bẹ́ẹ̀, olè ni.

Ẹ̀kẹta: màá kọ ọ́ sínú ìwé pé "bí o ṣe rí i ni mo ṣe tà á". Èyí ló dùn mọ́ mi jù, nítorí ó jọ òdodo. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn yìí ti pẹ́. Ó wà nínú Muwatta ti Imaamu Malik pé Abdullah ọmọ Umar ta ẹrú kan ní dírámù 800, pẹ̀lú àdéhùn pé òun kò sí nínú àléébù kankan tí wọ́n bá rí. Ẹni tó rà á ní àìsàn kan wà lára ẹrú náà tí wọn kò sọ fún òun. Wọ́n gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ káliífà Uthman. Kò ní kí wọ́n ka àdéhùn náà kí wọ́n sì túká. Ó ní kí Abdullah búra pé òun kò mọ̀ nípa àìsàn náà nígbà tí òun tà á. Abdullah kọ̀ láti búra, ó sì gba ẹrú náà padà. Nígbà tó yá, ara ẹrú náà yá, Abdullah sì tà á ní 1,500. Ìbéèrè tí Uthman béèrè ni mo bi ara mi: ṣé mo lè búra pé mi ò mọ̀?

ṢÉ GBOGBO NǸKAN LA GBỌ́DỌ̀ SỌ?

Ẹnìkan lè ní, "Ṣé kí n máa ka gbogbo ibi tí ọ̀dà ti họ ni?" Rárá. Ohun tí ojú rí kò nílò ẹlẹ́rìí. Ohun tí o mọ̀, tí ẹni tó ń rà á kò lè rí, tó sì jẹ́ pé bó bá mọ̀ ọ́n, kò ní san iye yẹn, òun ni dákẹ́ rẹ ti di irọ́. Èyí tí o kàn ń fura sí, sọ ọ́ bí ìfura. Kò sì yẹ kí a wo ojú oníbàárà. Mùsùlùmí ni o, Kìrìsìtẹ́nì ni o, aláìgbàgbọ́ ni o, gbogbo ọjà ni òkìtì oúnjẹ yẹn wà fún. Bí ẹ́ńjìnnì bá dákú ní òru lójú ọ̀nà tí àwọn mọ́tò ti ń sáré, kò ní béèrè ẹ̀sìn ẹni tó jókòó sínú rẹ̀.

Èdè Lárúbáwá ló fún wa ní ọ̀rọ̀ méjì yìí: àléébù àti àlùbáríkà. Ànábì so wọ́n pọ̀ nínú hádíìsì tí Hakim ọmọ Hizam gbà wá: bí olùtà àti olùrà bá sọ òótọ́, tí wọ́n sì fi àléébù hàn, àlùbáríkà á wà nínú òwò wọn, bí wọ́n bá fi pamọ́, yóò pa rẹ́.

Mo sọ fún àbúrò náà. Ó dúpẹ́, kò sì ra mọ́tò náà. Àwọn tó ń tú mọ́tò tà ní wẹ́wẹ́ ló gbé e, 120 pọ́n-ùn ni wọ́n san sí àkáǹtì mi. Mi ò níí parọ́ fún yín pé inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ilé ni mo ti san gbèsè ẹlẹgbẹ́ mi, ó sì gbà mí ní oṣù mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò yẹn bá kí mi, mo máa ń lè wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ, ẹ mú mẹkáníìkì lọ́wọ́ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì tan ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì tutù. Ẹ rántí pé oṣù 12 péré ni ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà fi ṣeé lò fún ẹni tó wá gbé níbẹ̀. Bí oníǹṣọ́ránsì bá béèrè ẹni tó ń wa mọ́tò jù, ẹ dá a lóhùn bó ṣe rí, ẹ má fi orúkọ àgbàlagbà bo tiyín kí owó lè dínkù. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tà nílé, ní Kùtọnu títí dé Èkó, tí ẹ mọ ẹni tó yí máìlì mọ́tò padà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Ẹ bi ara yín bóyá ẹ lè búra.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí òwò wa, kí Ó sì jẹ́ kí ohun tó wà nísàlẹ̀ wa dọ́gba pẹ̀lú èyí tó wà lókè. Àmín.