Ṣé Láti Kékeré La Ti Ń Mọ Àṣàmú?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú. Kò sí ẹni tí kò mọ òwe yìí láàrin wa. Ìyá ọmọ ń pa á, olùkọ́ ń pa á, kódà ẹni tí kò bímọ rí ń pa á níbi ìsọmọlórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè kan: ṣé ìgbà tí ọmọ wà ní kékeré la ń pa òwe yìí ni, àbí ìgbà tó di àṣàmú tán la tó ń rántí pé ó jẹnu ṣámúṣámú? Àwọn tó jẹnu ṣámúṣámú títí, tí wọn ò sì jẹ́ nǹkan kan, ta ló kà wọ́n?

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà jẹ́ àsọlásán, ẹ jẹ́ ká jọ wo ibi tí wọ́n ti sọ wíwo ọmọ di iṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó oṣù lé lórí. Ibẹ̀ náà ni ìdí ayò béèsìbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà. Ayò náà ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n kò ṣòro í yé ni. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù líle kan tí kò tóbi ju ọsàn lọ, ẹnì kejì á dúró dè é pẹ̀lú kóńdó, á gbá a, á sì fi eré sí i. Àwọn tó wà lórí pápá á sáré lé bọ́ọ̀lù náà láti hán an, kí wọ́n sì jù ú padà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa, owó tó wà ńbẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ibẹ̀ ń rán àwọn kan kiri tí wọ́n ń pè ní sikáótù. Wọ́n á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá pẹ̀lú aago àti ìwé. Nǹkan márùn-ún ni wọ́n ń wò lára ọmọ: bóyá kóńdó rẹ̀ ń bá bọ́ọ̀lù déédéé, bó ṣe lè gbá a jìnnà tó, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe yá tó, bí apá rẹ̀ ṣe le tó láti ju bọ́ọ̀lù, àti bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n hán tó. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n á fún un ní máàkì, láti 20 dé 80. Ẹni tó gba 50 wà ní ìwọ̀n àwọn tó ń gbá a ní líìgì àgbà. Ní ti 80, ó ṣọ̀wọ́n bí imí eégún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: máàkì méjì-méjì ni wọ́n ń kọ. Èkíní ni ti ohun tí ọmọ náà lè ṣe lónìí. Èkejì ni ti ohun tí wọ́n gbà pé yóò lè ṣe nígbà tó bá gbó tán. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè gba 30 lónìí, kí wọ́n kọ 60 fún un fún ọ̀la. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí máàkì kìíní. Ojú ló rí i, aago ló kà á. Máàkì kejì ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú, nítorí pé ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí ni wọ́n fi nọ́ńbà sí.

Ẹ wo Albert Pujols, ọmọ tí wọ́n bí ní Dominican Republic. Ní 1999, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń ṣa ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ 401 ni wọ́n ṣà kí wọ́n tó kàn án. Irínwó ó lé kan, iye àwọn irúnmọlẹ̀ gan-an! Nígbà tó fi máa fẹ̀yìntì ní 2022, ó ti gbá bọ́ọ̀lù kọjá odi pápá nígbà 703. Ẹni mẹ́ta péré ló ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìtàn líìgì náà.

Ti Mike Piazza tiẹ̀ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1988, ìpele kejìlélọ́gọ́ta ni wọ́n tó mú un, ìyẹn náà nítorí pé akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ náà jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀. Ní 2016 wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn akọni ayò náà. Ẹ sì fetí sí èyí: láti 2021, ìpele 20 péré ni wọ́n ń ṣà mọ́. Ilẹ̀kùn tí Piazza gbà wọlé, wọ́n ti tì í pa.

Ní Venezuela ńkọ́? Ẹgbẹ́ Houston ní kí Jose Altuve máa lọ sílé, ó ti kúrú jù. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà tún padà wá. Ní 2007 wọ́n fún un ní 15,000 dọ́là, owó táṣẹ́rẹ́ lójú wọn. Ní 2017 òun ni wọ́n dìbò yàn pé ó wúlò jù lọ ní líìgì tirẹ̀. Kò ga sí i o. Bó ṣe kúrú náà ló ṣe kúrú.

Ẹ wá wo apá kejì. Ní 1991, Brien Taylor ni ẹni àkọ́kọ́ pátápátá tí wọ́n ṣà. Apá òsì rẹ̀ ń ju bọ́ọ̀lù bí ìbọn. Ẹgbẹ́ Yankees ti New York san 1.55 mílíọ̀nù dọ́là fún un. Ní December 1993, ó lọ gbèjà arákùnrin rẹ̀ nínú ìjà kan, èjìká òsì náà sì bàjẹ́. Kò gbá ayò kan ṣoṣo ní líìgì àgbà. Ohun tí àwọn sikáótù rí lára rẹ̀, òótọ́ ni. Apá ni wọ́n rí, wọn ò rí ọ̀nà tí apá náà yóò gbà.

Èyí ò lè ya àwọn baba wa lẹ́nu. Wọ́n gbà pé ilé Àjàlá tó ń mọ orí ni ẹ̀dá ti yan orí wá, àti pé èyí tó jiná àti èyí tó sán, ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọn ò sì dúró síbẹ̀. Wọ́n ní bí orí bá dára tó, bí ẹsẹ̀ ò bá gbà láti rìn, orí ò lè dá nǹkan ṣe. Orí ni ohun tí a bá lára ọmọ. Ẹsẹ̀ ni ohun tó fi í ṣe lójoojúmọ́, nínú oòrùn. Sikáótù tó wo ọmọ fún ọ̀sán mẹ́ta, báwo ló ṣe fẹ́ rí ẹsẹ̀ ọdún mẹ́wàá?

Ọmọ wa kan tiẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, Demi Orimoloye. Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí, Kánádà ló dàgbà sí. Ní 2015 ẹgbẹ́ Milwaukee mú un ní ìpele kẹrin. Ní 2018 wọ́n gbé e fún ẹgbẹ́ Toronto, wọ́n sì gba Curtis Granderson, ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì, dípò rẹ̀. Milwaukee ń wá ẹni tí yóò bá wọn gbá a lónìí, Toronto ń wá ọ̀la. Mi ò ní ẹnikẹ́ni rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀la ọmọ ti di ọjà tí wọ́n ń gbé lọ gbé bọ̀ bí garawa epo.

Ọjà tó bá sì lówó lórí, irọ́ kì í jìnnà sí i. Nígbà tó jẹ́ ọ̀la ni wọ́n ń rà, ọmọ tó kéré jù ló wọ́n jù. Ní 2006 ẹgbẹ́ Washington ṣàdéhùn 1.4 mílíọ̀nù dọ́là fún ọmọ Dominican kan tí wọ́n pè ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ní 2009 àṣírí tú: orúkọ tó ń jẹ́ kì í ṣe tirẹ̀, ó sì fi ọdún mẹ́rin dàgbà ju bó ṣe wí lọ. Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ mọ ohun tí à ń pè ní ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù.

Èyí tó dùn mí jù ni pé máàkì kejì ń bí ara rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ 70 fún, ẹran ni yóò máa jẹ, akọ́nimọ̀ọ́gbá ni yóò máa jí bá. Bó bá kùnà lọ́dún yìí, wọ́n á ní kó tún gbìyànjú, nítorí owó wọn tó ti wọlé. Ọmọ tí wọ́n kọ 40 fún, àṣìṣe kan péré, ó di ilé. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, sikáótù á nàró, á ní, "Ṣé mo sọ fún yín?" Họ́wù! Wọ́n bomi rin ọ̀kan, wọ́n fi èkejì sílẹ̀ fún ọ̀gbẹlẹ̀. Ṣé irúgbìn la wá ń yìn ni, àbí omi?

Ẹnì kan lè ní, "Oníwèé ìròyìn, ṣé gbogbo ọmọ ni kí ẹgbẹ́ gbà ni?" Ó tì o. Owó ò pọ̀ tó, pápá ò fẹ̀ tó. Ẹni tó ń tan ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n pé ó mọ̀ ọ́n, títí tí ọmọ fi lé lógún ọdún láìkọ́ṣẹ́, ìkà lòun náà. Ẹni tó ní, "Lónìí, ẹsẹ̀ rẹ ò yá tó," ohun tó rí ló sọ. Ẹni tó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ ò lè yá láyé," ti gorí àga Ẹlẹ́dàá, kò sì sẹ́ni tó fi í joyè yẹn.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Ẹni tó máa wo ọmọ, kó wò ó, kó má purọ́. Ṣùgbọ́n pẹ́ńsùlù ni kó fi kọ máàkì kejì, kó sì mọ̀ pé òun jẹ ọmọ náà ní gbèsè àtúnwò. Kì í ṣe pé ẹnì kan mọ ọ̀la ló gba Altuve là. Wọn ò tíì ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì ni. Nínú ilé tiwa náà ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n ò tíì jáde pírámárì tí a ti pè é ní olórí pípé, tí a pe àbúrò ní olódo. A ra ìwé fún ẹ̀gbọ́n, a ní kí àbúrò máa fọ mọ́tò, a wá ń retí kí òwe àwọn àgbà ṣẹ.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú babaláwo máa dífá ọrọọrún. Babaláwo tó ní Ifá lọ́wọ́ kì í dá a lẹ́ẹ̀kan kó ní ó tán. Tó bá di ọjọ́ karùn-ún, á tún dá a. Ìwọ tó ò ní ju aago àti bírò lọ, ta ló fún ọ láṣẹ kí o wo ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?