Ọlọ́run Fi Ẹnu Ìyá Kan Gba Àwọn Ọmọ Wa Là

Èmi ni mò ń tọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi kan nítòsí ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Àwọn ìyá tó ń tajà ló ń gbé ọmọ wọn fún wa láàárọ̀. Ọmọ tó ń rákòrò, ọmọ tó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, ọmọ tó jẹ́ pé ohunkóhun tó bá he nílẹ̀, ẹnu ló ń kó o sí: yàrá kan náà ni gbogbo wọn wà.

Nígbà òjò tó kọjá, ìyá kan pè wá lórí fóònù kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ó ní ọmọ òun ya ìgbẹ́ gbuuru mọ́jú, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, òun ò ní gbé e wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré ìpè yẹn. Ohun tí obìnrin yìí bá tà lóòjọ́ ló ń jẹ. Ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti ní jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni, pé ọmọ náà ti lá ohun dídùn jù. Ì bá fi pámpásì tuntun dì í, kó gbé e fún wa, kó sì dákẹ́. Ọlọ́run ló fún un ní ọkàn tí kò gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ ti rọ, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ó ń sunkún, omijé ò jáde. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí bu omi ORS sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó ní kí ìyá má dá ọmú dúró. Dókítà kọ oògùn tó ń pa kòkòrò inú. Nítorí pé ọmọ náà ti ju oṣù 6 lọ, wọ́n fi zinc 20 mg kún un lójúmọ́, èyí tí WHO àti UNICEF sọ ní 2004 pé kí á fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 10 sí 14. Ọmọ náà gbádùn. Ògo ni fún Ọlọ́run!

Nọ́ọ̀sì yẹn tún tọ̀ wá wá níbi iṣẹ́. Ó ní Shigella ni orúkọ kòkòrò tó mú ọmọ náà, ó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i, 10 sí 100 rẹ̀ péré sì ti tó láti dá ọmọ dùbúlẹ̀. Inú ìgbẹ́ ló ti ń bọ́ sí ọwọ́, láti ọwọ́ dé ẹnu. Ó pín iṣẹ́ wa sọ́tọ̀: ẹni tó ń pààrọ̀ pámpásì lónìí ò gbọdọ̀ po ẹ̀kọ, kò sì gbọdọ̀ bọ́ ọmọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ife tirẹ̀. Póò àti ohun ìṣeré, a ń fọ̀ wọ́n, a sì ń fi omi bílíìṣì pa kòkòrò ara wọn. Omi mímu, a ń sè é. Ó ní ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí á fi fọ ọwọ́ tó bá kan ìgbẹ́, pé jẹ́ẹ̀lì inú ìgò ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Àwọn tó ti ń sọ̀rọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ń ka ení dé ogún bí wọ́n ṣe ń fọwọ́, ariwo wọn a sì gba gbogbo ilé!

Ìyá tó ni jẹ́lé-ó-sinmi náà wá ṣe ohun tí mi ò ní yé gbàdúrà fún un lé lórí. Ó ní ọjọ́ tí ọmọ bá wà nílé nítorí ìgbẹ́ gbuuru, òun ò ní gba owó ọjọ́ náà. Lójú tèmi, òfin yìí gan-an ló lágbára jù. Ìyá tó ti sanwó, tí ọjà ń dúró dè, ìdánwò ńlá ni fún un láti sọ òtítọ́. Nísinsìnyí wọ́n ń pè wá, wọn ò fi pamọ́ mọ́.

Ọmọ kejì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n a ti mọ ohun tí à ń wò. Ọjọ́ yẹn náà ló ti lọ sí ilé ìwòsàn, kò sì padà sọ́dọ̀ wa títí nọ́ọ̀sì fi ní ó yá. Ó parí síbẹ̀. A ò sin ọmọ kankan!

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yẹn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí ọṣẹ ti bó lọ́wọ́ nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá tó pè wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn wà láàárín wa, ó pọn ọmọ náà sẹ́yìn. Ọmọ mi, dìde, máa bọ̀ níwájú. Ẹ̀yin onílù, ẹ bá wa lù ú, kí á jọ jó fún Olúwa.