Ta Ló Yàn Án?

Olórí méjì ló wà ní Adó-Èkìtì. Ewì wà láàfin, gómìnà wà lórí Òkè Àyọ̀bá. Bí àlejò bá béèrè bí Ọba Rufus Adéyẹmọ Adéjùgbé, Aládésànmí Kẹta, ṣe gorí ìtẹ́ lọ́dún 1990, ará ìlú á ní wọ́n fi wọ́n jẹ Ewì ni. Bó bá tún béèrè bí Bíọ́dún Oyèbánjí ṣe di gómìnà lọ́dún 2022, èsì á yí padà: wọ́n dìbò yàn án ni. Ó ṣòro kí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé a dìbò yan Ewì. Ẹni tó bá sì ní a fi gómìnà joyè, ẹ̀rín ni wọn á fi í rín. Àwọn méjèèjì ni wọ́n mú láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn tó lè dé ibẹ̀, síbẹ̀ èdè kọ̀, kò pè é ní ohun kan náà. Mo fẹ́ mọ ohun tí èdè rí.

Yíyàn ní ìpele lẹ́nu Yorùbá. Ṣíṣà ló wà nísàlẹ̀, iṣẹ́ ojú àti ọwọ́. A ń ṣa ẹ̀wà kí òkúta má bàa bá a wọ ìkòkò. Ohun tí à ń ṣà wà níwájú wa, a mọ èyí tó dára, a mọ èyí tí kò dára, bí a bá sì ṣì í ṣà, a lè tún un ṣà. Yíyàn wúwo ju ìyẹn lọ. A ń yan ọ̀rẹ́, a ń yan iṣẹ́, a ń yan ẹni tí a ó bá gbélé, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ojú lè rí inú rẹ̀ tán kí a tó yàn án. Ìyẹn ni Yorùbá ṣe so méjèèjì pọ̀ nínú ṣàyàn: ojú á kọ́kọ́ ṣà, ọkàn á wá yàn, ibi tí ojú bá sì parí sí ni ewu ti bẹ̀rẹ̀.

Dídìbò ló jinlẹ̀ jù. Kí ìbò tó di ìwé tí à ń tẹ̀ka sí, ohun èlò babaláwo ni. Ẹni tó wá ṣèbéèrè á di owó ẹyọ mú ní ọwọ́ kan, á di egungun mú ní ọwọ́ kejì. Babaláwo á ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á wo èyí tó jẹ́ àgbà nínú odù méjèèjì, ìyẹn ni yóò sì sọ ọwọ́ tí wọn yóò ṣí. Owó ẹyọ ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, egungun ń sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó di ìbò mú kọ́ ló ń pinnu. Ìbéèrè ló gbé wá. Bó ṣe pa àtẹ́lẹwọ́ dé yẹn, ó ti jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ju òye òun lọ. Nígbà tí ìdìbò òṣèlú wá dé, ọ̀rọ̀ yìí náà la fi pè é. Ẹni tó ń béèrè tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń dáhùn, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ kò sì yí padà.

Àwa nìkan kọ́ la gba ọ̀nà yìí. Àwọn Hausa ní kaɗa ƙuri'a fún dídìbò, ƙuri'a yìí sì wá láti inú qur'a ti Lárúbáwá, tí í ṣe kèké tí a ń ṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni àwọn tó ń sọ Swahili ti mú kura tiwọn. Ní Áténì àtijọ́, kèké ni wọ́n fi ń mú àwọn 500 tó ń jókòó ní ìgbìmọ̀ ìlú, àwọn ọ̀gágun mẹ́wàá ni wọ́n ń nawọ́ yàn. Aristotle kọ ọ́ sílẹ̀ pé kèké ni wọ́n kà sí ti ìjọba gbogbo ènìyàn, pé yíyàn fara jọ ìjọba àwọn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí lè ṣe wá ní kàyéfì lónìí, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò fara sin: ẹni tí a bá máa yàn gbọ́dọ̀ ti lókìkí tàbí kó lówó kí a tó mọ̀ ọ́n, kèké kò sì mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Láti ọdún 1268, àwọn ará Venice ń fi kèké lú ìbò léraléra kí wọ́n tó mú olórí wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè ra ipò náà. Bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ló bí ballot tí Gẹ̀ẹ́sì ń sọ títí dòní.

Àwọn èdè mìíràn gba ibòmíràn wọlé. Ígbò ní ntuli aka: ọwọ́ ni wọ́n nà. Lárúbáwá ní ṣawt, Rọ́ṣíà ní golos, Faransé ní voix. Ohùn ni gbogbo wọn, bí ẹni pé ohun tí olùdìbò fi sílẹ̀ nínú àpótí ni ohùn rẹ̀. Eligere ti Látìn, tí elect ti wá, jẹ́ kí a ṣà kúrò láàárín àwọn yòókù, ó sì bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún kíkàwé tan. Vote wá láti inú votum, ẹ̀jẹ́ tí ènìyàn jẹ́ níwájú òrìṣà. Choose ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ìbátan ìtọ́wò, ẹni tó yan nǹkan ti fi ẹnu kàn án. Xuǎnjǔ ti àwọn ará Ṣáínà ní kí a yàn, kí a sì gbé sókè. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, mímú òṣìṣẹ́ fún ọba ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà pè, aráàlú kò sí níbẹ̀. Yíyàn ni hairesis lẹ́nu àwọn Gíríìkì, ọ̀rọ̀ yẹn náà sì ni ìjọ Kristi wá fi ń pe ẹ̀kọ́ òdì, àfi bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn dá yàn fúnra rẹ̀.

Ọwọ́, ohùn, ojú, ẹ̀jẹ́, ahọ́n: èdè kọ̀ọ̀kan di ibì kan mú lára iṣẹ́ kan ṣoṣo. Àìmọ̀ ni tiwa dì mú. A ń sọ ọ́ nígbàkígbà tí a bá ní a fẹ́ lọ dìbò, bí a ò tilẹ̀ fura.

Ohun kan tún wà tó yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ìlú yan gómìnà, gómìnà yan kọmíṣọ́nnà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Gẹ̀ẹ́sì ya elect sọ́tọ̀ kúrò lára appoint, àwa ní láti so ìbò mọ́ ọn, ká ní dìbò yàn, kó tó yéni. Àwọn kan lè ka èyí sí àìtó èdè. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Iye àwọn tó yàn kọ́ ni yàn ń wò, ẹni tí ẹrù yíyàn náà já lé léjìká ló ń wò. Kọmíṣọ́nnà tó bá ṣe báṣubàṣu, ará Adó kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kó tó mọ ẹni tí òun máa bi: gómìnà tó yàn án ni. Gómìnà tó bá ṣe báṣubàṣu ńkọ́? Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ọ̀kan, ìdáhùn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń fi ọba jẹ. Ìdílé tó kàn ló ń fa ọmọ oyè kalẹ̀. Àwọn afọbajẹ ló ń yẹ̀ wọ́n wò, tí wọ́n ń yan ọ̀kan. Wọ́n á bi Ifá. Ìjọba á fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó fi í jẹ, tí ìjọba á sì gbé ọ̀pá àṣẹ lé e lọ́wọ́. Òfin oyè ti ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tó jáde lọ́dún 1957, kọ ipa tí ìdílé, afọbajẹ àti ìjọba ń kó sílẹ̀. Ti Ifá, àṣà ló ń gbé e ró. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní olówó. Bí ọba bá wá kùnà, ìlú mọ agbo ilé tó fà á kalẹ̀, ìlú sì mọ àgbà tó gbè é lẹ́yìn. Ọba fúnra rẹ̀ mọ ohun tó kó sí, nítorí ẹnu tí a fi ń jẹ oyè náà la fi ń jẹ gbèsè. Mi ò sọ pé ọ̀nà ọba mọ́ ju ti gómìnà lọ o. Owó ń wọ ibẹ̀, ẹjọ́ oyè kún kóòtù, ní ọ̀pọ̀ ìlú wa obìnrin kì í sì í sí láàárín afọbajẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé olúkúlùkù mọ apá tirẹ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ní ti gómìnà, yàn nìkan ló gbé gbogbo ìgbésẹ̀ wọ̀nyí mì. Lọ́dún 1983, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lára ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n kéde pé Akin Ọmọ́boríowó ló wọlé. Iná sọ, ẹ̀mí ṣòfò, kóòtù sì ní Michael Adékúnlé Ajáṣin ló wọlé. Lọ́dún 2007, wọ́n kéde Ṣẹ́gun Òní, Káyọ̀dé Fáyẹmí gba kóòtù lọ. Wọ́n tún ìbò dì láwọn ibì kan lọ́dún 2009. Láàárín rẹ̀ ni Ayọ̀ká Adébáyọ̀, ọ̀gá àjọ elétò ìdìbò ní ìpínlẹ̀ náà, kọ̀wé pé òun fiṣẹ́ sílẹ̀, pé ẹ̀rí ọkàn òun kò gbà á, kó tó tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2010 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìlọrin gbé ipò náà fún Fáyẹmí. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ta ló yan gómìnà? Ẹgbẹ́ fà á kalẹ̀, aráàlú tẹ̀ka, àjọ kéde, adájọ́ dájọ́. Nítorí pé yàn ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀, kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti na ìka sí ẹlòmíràn.

Lọ́dún 2018 ni gbólóhùn kan wá gbòde ní Èkìtì: dìbò kóo sebẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí i, wọ́n ní òṣì ló ń sọ̀rọ̀, wọn ò sì parọ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà mọ èdè dunjú. Kò sí ẹni tó ní yàn án kóo sebẹ̀. Ẹni tó gba owó ọbẹ̀ dìbò lóòótọ́, ó tẹ̀ka, ó sì lọ sílé; yíyàn ti dọwọ́ ẹni tó fún un lówó. Ìbò wá padà di ohun tó jẹ́ lọ́jọ́ àtijọ́, ohun tí a kàn dì mú sọ́wọ́ tí ìdáhùn rẹ̀ ń ti ibòmíràn wá. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Ifá kọ́ là ń bi mọ́.

Àwọn baba wa ti ronú jìnnà nípa ẹni tó yàn láìmọ ohun tó yàn. Ìtàn àwọn mẹ́ta tó lọ yan orí nílé Àjàlá, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ orí, ni wọ́n fi sọ ọ́. Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún àti Oríléèmèrè ọmọ Ìja mú orí tó dùn-ún wò, wọn ò mọ̀ pé kò jinná dáadáa, òjò sì lù ú títí ó fi ṣá. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà rúbọ kó tó lọ, ó gbé owó àti iyọ̀ dání. Ó fi iyọ̀ sínú ọbẹ̀ arúgbó tó bá lọ́nà, ó bá Àjàlá san gbèsè, Àjàlá sì ràn án lọ́wọ́ láti mú orí tó le. Ẹ rí i pé owó àti ọbẹ̀ wà nínú ìtàn yìí náà. Afùwàpẹ́ ná owó tirẹ̀ kó lè mọ ohun tó ń yàn. Olùdìbò tó gba owó ọbẹ̀, owó ló gbà kó má bàa béèrè. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ru orí tí wọ́n mú dé ayé. Kò sí ẹni tó lè dá tirẹ̀ padà fún Àjàlá. Ìyẹn ni à ń pè ní àyànmọ́: ohun tí a yàn, tó sì mọ́ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí. Lọ́sẹ̀ tí èsì ìbò bá jáde, ẹni tí inú rẹ̀ dùn á ní a yàn án. Bó bá ṣe díẹ̀, tí owó oṣù falẹ̀, tí ọ̀nà bàjẹ́, ẹnu yẹn náà á ní ẹni tí wọ́n yàn yìí. A ti di wọ́n, láìsí ìpàdé kankan tí wọ́n ti fẹnu kò sí i. Ẹlòmíràn á ní kò kan òun láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ẹgbẹ́ mìíràn lòun dìbò fún, kí ni yóò wá òun wá sínú a? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n a yìí ju ẹyọ kan lọ. Àwa kan wà tó jẹ́ ti ẹgbẹ́, tó ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù. A kan sì wà tó jẹ́ ti òwe. Nígbà tí Yorùbá bá ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, kò sí ẹgbẹ́ nínú a yẹn, kò sì sí ẹni tó lè ní òun kò sí níbẹ̀. Ọmọ oyè tí afọbajẹ kò mú á dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí wọ́n mú, á sì tún lẹ́nu láti bá a wí lọ́jọ́ tó bá ṣìwà hù, torí ọba òun náà ni.

Ẹni tó bá ní wọ́n yàn án ti yọ ọrùn ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bá gómìnà yọ ọrùn tirẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ wọ́n ló yàn án, wọ́n ló máa jíhìn fún. Kì í ṣe ọgbọ́n tí a ní lọ́jọ́ ìdìbò ló fún wa lẹ́nu láti bi í léèrè, àìmọ̀ ni gbogbo wa fi dìbò. Ohun tó fún wa lẹ́nu ni pé orí náà ti mọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí gómìnà fi owó Èkìtì ṣe, kó kọ́kọ́ gbà pé òun wà lára àwọn tó yàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ẹlòmíràn ló tẹ̀ka sí.