Irin Tó Sán, Ẹnu Tó Dákẹ́

Àwa mẹ́ta la jọ kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, a jọ ń kọ kóòdù jẹun títí dòní, gbogbo wa sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí a rí owó díẹ̀ tù jọ, a ra Hilux àlòkù kan tó ń lo díísù, pé kó máa bá wa kó ẹja láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Ìkòròdú. Dẹ́rẹ́bà wa tó bàbá tó bí wa lọ́jọ́ orí. "Bàbá" la máa ń pè é, òun náà sì máa ń pè wá ní "ẹ̀yin ọmọ mi." Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, torí ibẹ̀ ni ìtìjú wa gbà wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ ń bọ̀ láti ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ẹja kún ẹ̀yìn ẹ̀ fọ́fọ́. Kò tíì kọjá Ìmọ̀ta, níbi tí iléeṣẹ́ ìrẹsì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ṣí lọ́dún 2023 wà, tí ẹ́ńjìnnì fi gbóná kọjá ààlà. Omi rédíétọ̀ ti gbẹ. Nígbà tí mẹkáníìkì tú u, ọ́ìlì ti dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, àmì pé omi ti wọnú ẹ̀. Ó nu tọ́ọ̀pù sìlíńdà mọ́, ó sì nawọ́ sí ìlà tín-ín-rín kan láàárín ihò fáàfù méjì. Ìlà yẹn ò nípọn ju irun orí lọ, ṣùgbọ́n òun ló dá odindi ọkọ̀ dúró.

Ohun tó fà á ò ṣòro. Irin máa ń wú bó bá gbóná, ó sì máa ń sún kì bó bá tutù. Ihò tí èéfín ń gbà jáde máa ń gbóná ju ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lọ fíìfíì, omi ló sì máa ń bá wọn pẹ̀tù sí i. Bí omi bá gbẹ, apá kan á máa wú, èkejì ò ní gbà fún un. Bí irin ṣe ń sán nìyẹn.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. A lè ra tuntun, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ kọjá agbára wa. A lè lọ sí Owódé Onírin lójú ọ̀nà Ìkòròdú, tàbí Ládìpọ̀ ní Mushin, ká ra tòkunbọ̀. Tàbí ká jó eléyìí pọ̀. Owó jíjó ò tó ìdá márùn-ún owó tòkunbọ̀. A bá gbé e lọ sọ́dọ̀ jórinjórin kan ní Odogunyan.

Baba yẹn mọṣẹ́. Ó kọ́kọ́ fi iná yan irin náà títí ó fi gbóná káàkiri, ó fi ọ̀pá níkẹ́ẹ̀lì jó o díẹ̀díẹ̀, ó wá rì í sínú eérú mọ́jú, kó lè tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí bí irin dídà bá tutù lójijì, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó gan-an ló tún máa sán. Lẹ́yìn náà, wọ́n fá ojú ẹ̀ kó lè tẹ́jú. Nígbà tí a béèrè bóyá ó máa pẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Ó wá fi kún un pé: "Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹni tó ń wà á o. Kó máa wo omi láràárọ̀, kó má dì í ní ẹrù àdìjù. Bí géèjì bá ti gòkè, kó pa á lójú ẹsẹ̀."

A ò sọ.

A sọ fún Bàbá pé a ti pààrọ̀ ẹ̀. Ìdí tí a fi parọ́ yẹn dà bí ìdí gidi lójú wa nígbà náà. Bó bá mọ̀, ẹ̀rù á máa bà á, kò ní sáré mọ́, ẹja á sì máa bàjẹ́. Ọ̀kan nínú wa tiẹ̀ ní, "Kí lẹ tún fẹ́ kó fi ìyẹn ṣe? Ṣebí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́."

Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ní ìbéèrè kan lórí ọkọ̀ ojú omi Theseus, èyí tí Plutarch kọ sílẹ̀: bí a bá ń pààrọ̀ pákó ara ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí kò fi ku pákó àtijọ́ kankan, ṣé ọkọ̀ yẹn náà ṣì ni? Ìbéèrè tó dùn ún jiyàn lé lórí ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ẹja lóru láti Ẹ̀pẹ́ ní ìbéèrè tó jù ú lọ: kí lẹ mọ̀ nípa ọkọ̀ yìí tí èmi ò mọ̀?

Oṣù kẹrin lẹ́yìn náà, lọ́wọ́ alẹ́, géèjì gòkè ní ẹ̀gbẹ́ Ìtòìkín. Ohun tí Bàbá rò lọ́kàn, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ fún wa lẹ́yìn náà, ni pé géèjì ló ń parọ́, torí tọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ò lè tún ní wàhálà. Ó bá ń wà á lọ. Páìpù omi bẹ́, ọkọ̀ kú. Bó ṣe ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru omi fò mọ́ ọn lọ́wọ́, awọ ọrùn ọwọ́ ẹ̀ bó. Inú ọkọ̀ ló sùn mọ́jú, pẹ̀lú ẹja tó ń rà.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, tí a jẹ́wọ́, kò pariwo. Ó kàn ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá ti sọ fún mi. Mi ò bá pa á."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni a ń tú palẹ̀ látìgbà náà. Ṣé jíjó tí a jó irin ló burú? Rárá o. A ò gbà pé ẹni tí kò lówó tuntun ti dẹ́ṣẹ̀ bó bá tún ohun tó ní ṣe. Ká tiẹ̀ sọ òótọ́, tòkunbọ̀ náà ní ìtàn tiẹ̀. Ara ọkọ̀ tí ẹlòmíì ti lò ni wọ́n ti tú u, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún ẹ iye ìgbà tó ti gbóná rí. Tiwa yìí, ó kéré tán, a mọ ibi tí àpá wà. Àpá tí a mọ̀ sàn ju èyí tí a ò mọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ ọ́n? Àwa tí à ń jókòó nídìí kọ̀ǹpútà la mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ara ẹ̀ wà nínú ewu ò mọ̀. A pín iṣẹ́ náà sí méjì láìbéèrè: àwa mú owó tó ṣẹ́ kù, a fún Bàbá ní ewu.

Bẹ́ẹ̀, a mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú iṣẹ́ tiwa. Lọ́dún 1992, Ward Cunningham fi kóòdù tí a bá kánjú kọ wé gbèsè: kò burú láti jẹ díẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá, bí a bá tètè san án padà. Bí a bá lẹ ibì kan mọ́ra nínú kóòdù, a máa ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé "ẹ ṣọ́ra níbí o," kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa kó sínú kòtò. Ohun tí a máa ń ṣe fún ẹni tí a ò mọ̀ rí ni a ò lè ṣe fún ẹni tó ń pè wá lọ́mọ. Gbèsè tí a jẹ, orúkọ ẹlòmíì la kọ sí i.

Ohun tó wá ń dùn wá jù ni pé irin ni. Nílé ẹjọ́ ilẹ̀ wa, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè fi irin búra pé òótọ́ lòun máa sọ. Irin tí wọ́n fi ń búra òótọ́ làwa fi parọ́.

Ẹnì kan lè ní bó bá mọ̀, ó lè kọ̀ pé òun ò wà á mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀tọ́ ẹ̀ nìyẹn, òun gan-an sì ni a gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Irọ́ tí a pa "kí ẹ̀rù má bàa bà á" ló gba ẹ̀rù tó yẹ kó dáàbò bò ó.

Lẹ́yìn tí a tún un ṣe, a fẹ́ tà á. Màmá oníṣòwò kan wá wò ó ní Ìkòròdú, ó fẹ́ kí ọmọ ẹ̀ máa wà á. Kò béèrè nípa tọ́ọ̀pù sìlíńdà. Lọ́jà wa, ẹni tó bá fẹ́ rà ló máa ń la ojú ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2018 fẹ́ kí oníṣòwò fi hàn gbangba bí ọjà bá jẹ́ èyí tí wọ́n tún ṣe. Àwa kì í ṣe oníṣòwò ọkọ̀, bóyá òfin yẹn ò tiẹ̀ kàn wá. Ọwọ́ Bàbá la rántí. A sọ fún màmá ibi tó ti sán, ẹni tó jó o, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìtòìkín. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn á rò ó wò. Wọn ò padà wá.

Ọkọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa. A béèrè lọ́wọ́ Bàbá bóyá ó ṣì fẹ́ wà á. Ó ronú fún ọjọ́ méjì, ó ní òun á wà á, ṣùgbọ́n ẹrù ò ní pọ̀ mọ́, òun ló sì máa sọ ìgbà tí òun máa dúró. A gbà. Èrè ti dín kù. Ẹ bá wọnú ọkọ̀ yẹn lónìí, ẹ máa rí bébà kékeré kan tí Bàbá lẹ̀ sábẹ́ géèjì. Òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́, pẹ̀lú ọwọ́ tó ní àpá: "Ó ti sán rí. Máa wò ó."