Ohùn Wo Ni A Ó Fi Jẹ́rìí?



Bí a bá ń sọ̀rọ̀ jíjẹ́rìí Kristi, ẹlòmíràn a máa wí pé, "Èmi kò mọ ọ̀rọ̀ sọ, iṣẹ́ àlùfáà ni." Mose pẹ̀lú ṣe irú àwáwí yìí, Ọlọ́run kò sì gbà á. Nítorí náà ìbéèrè wa kì í ṣe bóyá kí a sọ̀rọ̀, bí kò ṣe irú ohùn tí a ó fi sọ ọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 1844, Àlùfáà Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí a kó lẹ́rú ní 1821, ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown láàrin àwọn ènìyàn wa tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Bí ó ti ka ọ̀rọ̀ áńgẹ́lì sí Maria, wọ́n dáhùn pé, "Kí ó ṣẹ!" Kì í ṣe ariwo ni ó fa ìdáhùn náà jáde, bí kò ṣe ohùn ilé, èyí tí ìyá olúkúlùkù fi ń pè é kí òkun tó yà wọ́n. Ní 1846 ó rí ìyá tirẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1848 a ṣe ìrìbọmi fún un.

Ṣùgbọ́n ohùn ilé a máa dá ni lẹ́bi pẹ̀lú. Nígbà tí mo jẹ́ katikíìsì ní ìlú kan, mo ń lu agogo lọ́jà, mo ń kéde ìfẹ́ Ọlọ́run títí ohùn mi fi há. Ìyá arúgbó kan, oníyọ̀, tí ògiri kan ṣoṣo là wá láàrin, wí pẹ̀lẹ́ pé, "Tíṣà, ohùn tí ẹ fi bú ọmọ ọ̀dọ̀ yín lánàá ni mo mọ̀, n kò mọ èyí."

Ojú tì mí. Ìkòkò omi ni ọmọ náà fọ́. Mo pè é, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan wí pé àgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí kò lè tọrọ ìdáríjì yóò ṣe wàásù rẹ̀? Ìyá náà kò tètè wá sí ìsìn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ó ti ń bi mí léèrè ohun tí mo ń wàásù.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, ẹ jẹ́ kí ohùn yín nínú ilé àti èyí tí ẹ fi ń gbàdúrà jẹ́ ọ̀kan. Kí Olúwa ṣọ́ ètè gbogbo wa. Àmín.